Ẹ jẹ́ kí ahọ́n dá ẹjọ́ wisikí, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, èmi ọmọ yín kò sì tó ẹni tí í bá àgbà jiyàn lórí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀ tí a dé ìdí ìgò wisikí, mo fẹ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, kí n sọ pé òwe yìí kò fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Owó ńlá ni à ń ná lórí ọtí yìí ní ilẹ̀ wa. À ń ná an níbi ìdána, níbi ìwúyè, níbi ìsìnkú àgbà àti níbi ìkómọjáde. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń náwó náà kò mọ ohun tí a rà. Orúkọ ara ìgò là ń mu, iye owó là ń mu, fáàrí là ń mu. Ọtí gan-an kàn ń gba orí ahọ́n kọjá ni, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá máa mu wisikí, kó jókòó sílé rẹ̀, kó bu díẹ̀díẹ̀ nínú oríṣi méjì tàbí mẹ́ta, kó tọ́ wọn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ahọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ èyí tó dára fún un. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó tí à ń sọnù sórí fáàrí yóò dínkù, ìwọ̀n ọtí tí à ń dà sí ikùn yóò dínkù, adùn tí a ń rí níbẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí dókítà rẹ̀ bá ti ka ọtí léèwọ̀ fún, ọ̀rọ̀ yìí kò ní kó yẹsẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí. Ṣùgbọ́n ó lè kà á, kó lè rí ohun tó máa bá àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yáwó ra páálí ọtí nítorí ìnáwó.

Kí ni wisikí gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko àti ní etí omi ti mọ ìdajì ìdáhùn náà kí òyìnbó tó wí i. Bí wọ́n bá fẹ́ se ògógóró, ẹmu tó ti kan ni wọ́n máa rọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á dáná sí i nídìí, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán sílẹ̀ lápá kejì ní ọtí líle. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti rí bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí ọkà bàbà mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ọkà náà sínú omi kó lè hu, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sè é. Ẹ da iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀, wisikí ló dé yẹn. Ọkà báálì ni àwọn ará Scotland ń rẹ sómi kó hu. Wọ́n á mú un gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná fa adùn inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i kó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sè é nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi bàbà rọ, bàbà ti alágbẹ̀dẹ o, kì í ṣe ti inú oko. Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Nínú ìwé ìṣirò owó ọba Scotland ti ọdún 1494, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fún àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Cor ní ọkà híhù kó fi se ọtí líle.

Ohun tó wá ya wisikí sọ́tọ̀ ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ọtí tó bá kán sílẹ̀ náà mọ́ gaara bí omi, ó sì ń ta lẹ́nu bí ata. Wọn kò ní tà á ní wisikí. Inú àgbá tí wọ́n fi igi óákù kàn ni wọ́n máa rọ ọ́ sí, wọ́n á sì fi í pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rù. Òfin ilẹ̀ Scotland sọ pé kò gbọdọ̀ lò dín ní ọdún mẹ́ta nínú àgbá yẹn, pé àgbá náà kò gbọdọ̀ gbà ju lítà 700 lọ, àti pé ọtí líle inú ìgò kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ireland náà ní òfin ọdún mẹ́ta tirẹ̀. Ara igi yìí ni ọtí náà ti ń rí púpọ̀ nínú òórùn àti adùn rẹ̀. Sùúrù ni wọ́n ń tà fún wa, ẹ̀yin àgbà, kì í ṣe ọtí nìkan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbá náà ló ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn rí. Bourbon ti Amẹ́ríkà, èyí tí àgbàdo pọ̀ jù nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà nínú igi óákù tuntun tí wọ́n fi iná jó inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè lo àgbá kan fún un, Scotland àti Ireland á sì wá rà á lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń fi adùn bíi ti oyin sínú ọtí. Àwọn àgbá mìíràn ti gbé wáìnì Sherry ti ilẹ̀ Sípéènì rí, àwọn yẹn ń fi adùn èso gbígbẹ sí i. Mo yọ bourbon fúnra rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tòní nítorí pé ó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, àti pé wisikí ilẹ̀ Scotland àti Ireland la sábà máa ń bá pàdé níbi ìnáwó wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Scotland. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n rò pé adùn kan náà ni gbogbo rẹ̀. Rárá o. Èyí tí wọ́n ń pè ní single malt, bíi Glenfiddich, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ti jáde, ọkà báálì híhù nìkan ni wọ́n sì fi se é. Èyí tí wọ́n ń pè ní blended, bíi Johnnie Walker, àdàpọ̀ ni. Wọ́n kó ọtí ọkà báálì láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, wọ́n pò ó mọ́ ọtí tí wọ́n fi àwọn ọkà mìíràn bí àlìkámà se. Ọ̀gbẹ́ni John Walker tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọtí yìí, onísọ́ọ̀bù oúnjẹ ni ní ìlú Kilmarnock láti ọdún 1820. Àdàpọ̀ kì í ṣe àbùkù. Ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń po oríṣi ata mẹ́ta mọ́ra wọn kò jalè, ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló ń lò.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti erékùṣù Islay, níbi tí Laphroaig, Ardbeg àti Lagavulin ti wá. Ilẹ̀ irà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń gé ilẹ̀ irà náà bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á sì fi dáná. Èéfín rẹ̀ ni wọ́n fi ń yan ọkà báálì tó ti hu kó lè gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín náà ṣe ń bá ọtí lọ dé inú ìgò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ á ní kí ló dé tí wọ́n se ẹja gbígbẹ mọ́ ọtí, tàbí kó ní òórùn oògùn tí wọ́n fi ń wẹ ojú egbò ní ọsibítù ni. Àwọn kan ò ní gbé e sẹ́nu mọ́ láéláé. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán, kò sí òmíràn tó tún dà bí ọtí lójú wọn.

Ti Ireland yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn, bíi Jameson àti Bushmills, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é, nígbà tí ti Scotland sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Èéfín kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀ lẹ́nu tí kì í sì í họ ọ̀fun. Wọ́n tún ní oríṣi kan tí wọ́n ń fi ọkà báálì tó hu àti èyí tí kò hu se pọ̀ nínú ìkòkò kan. Owó-orí tí ìjọba bù lé ọkà híhù nígbà kan rí ló jẹ́ kí ọgbọ́n yẹn gbilẹ̀ láàrin wọn, nítorí ọkà tí kò bá hu kò san owó-orí. Ta ló sọ pé àwa nìkan la mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún agbowó-orí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn ni pé orúkọ ìlú ara ìgò kò sọ gbogbo ìtàn. John Jameson, ẹni tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ wisikí Ireland káàkiri ayé, ọmọ Scotland ni, ìlú Alloa ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1830 fún ẹ̀rọ tó jẹ́ kí ọtí àdàpọ̀ ilẹ̀ Scotland ṣeé ṣe, Aeneas Coffey, òṣìṣẹ́ agbowó-orí ọtí ní Ireland ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Dublin kọ ẹ̀rọ náà, wọ́n ní ọtí tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní adùn. Àwọn ará Scotland gbà á, wọ́n sì fi gba ọjà ayé. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Ireland tó ti jẹ́ ọ̀gá rí ti ń wá ọ̀nà àtilà. Ní ọdún 1966, àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó kù ní ìhà gúúsù darapọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1980, ibi méjì péré ni wọ́n ti ń se wisikí ní gbogbo erékùṣù náà: Midleton ní gúúsù àti Bushmills ní àríwá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ mìíràn tó tún dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ti Scotland nìkan ni wisikí, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lọ́dọ̀ àwọn méjì yìí. Ní ọdún 1918, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Jàpáànì, Masataka Taketsuru, gúnlẹ̀ sí Scotland láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó kọ́ ọ, ó fi ìwé kọ gbogbo ohun tó rí, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin Scotland kan, Rita Cowan, ní ọdún 1920. Nígbà tó padà sílé, ó bá Shinjiro Torii ṣiṣẹ́ ní Yamazaki, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1923. Ní ọdún 1934, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Yoichi. Àwọn ará Scotland kò ka ọtí wọn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Whisky Bible ti Jim Murray fún ọdún 2015, wisikí Yamazaki kan ló gba ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé. Kánádà náà ní tirẹ̀: Crown Royal, èyí tí wọ́n ń kó sínú àpò aláwọ̀ elése àlùkò, ọdún 1939 ni wọ́n ṣe é láti fi yẹ́ Ọba George Kẹfà sí nígbà tó lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ó fúyẹ́, ó sì dùn díẹ̀.

Ti Íńdíà ló tó ká dúró wò dáadáa, nítorí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Amrut ni orúkọ rẹ̀, ìlú Bengaluru ló ti wá, ìlú Glasgow ní Scotland gan-an ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi single malt wọn han ayé ní ọdún 2004. Ẹ wo ìyẹn ná, bí ẹni gbé àmàlà lọ tà fún ará Ìbàdàn. Ojú ọjọ́ wọn gbóná bíi tiwa. Ní Scotland tó tutù, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọtí inú àgbá ló ń fẹ́ lọ sójú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ní ìpín àwọn áńgẹ́lì nìyẹn. Ní Bengaluru, àwọn áńgẹ́lì tibẹ̀ ń mu tó ìdá mẹ́wàá. Ooru náà ń jẹ́ kí ọtí yára fa adùn igi mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ òtútù.

Kí ni èyí ń kọ́ wa? Pé ọjọ́ orí ara ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n adùn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni fún èèyàn, ṣùgbọ́n ọtí kì í ṣe èèyàn. Nọ́ńbà 12 tàbí 18 tí ẹ ń rí lára ìgò, ọjọ́ orí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọtí tí wọ́n dà pọ̀ ló ń sọ. Kò sọ bóyá àgbá náà dára tàbí kò dára. Àwọ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí òfin Scotland fàyè gba pé kí wọ́n fi ṣúgà jíjó pa á láró. Ẹni tó bá sì ń fi dúdú ọtí mọ agbára rẹ̀, aró ló ń sanwó fún.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀. Mo ti rí ìgò wisikí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìwúyè, ogún ọdún sẹ́yìn. Bàbá á ní ó ń dàgbà sí i. Ẹ má bínú, kò dàgbà o. Inú igi nìkan ni wisikí ti ń dàgbà. Ọjọ́ tó bá ti wọ inú ìgò, ọjọ́ orí rẹ̀ ti dúró. Ọlọ́dún 12 tí ẹ fi pamọ́ fún ogún ọdún, ọlọ́dún 12 náà ni lónìí. Bí oòrùn ojú fèrèsé bá sì ń pa á, tàbí tí ìdérí rẹ̀ kò dì mọ́, ńṣe ló ń bàjẹ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pa á mọ́, ẹ gbé e dúró, ẹ má ṣe dá a dùbúlẹ̀ bí wáìnì, nítorí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì ẹnu ìgò. Èyí tó bá sì ti ṣí, tó sì ku díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ tètè bá àlejò gidi mu ún tán.

Ó wá ku bí a ṣe máa tọ́ ọ wò. Kò gba owó púpọ̀. Kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta má ṣe ra ìgò mẹ́ta kan náà. Kí ọ̀kan mú ti Scotland wá, kí èkejì mú ti Ireland, kí ẹ̀kẹta mú ohunkóhun mìíràn tó bá rí. Ìgò kékeré wà, ó sì tó. Ife kan náà ni kí gbogbo yín lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ jù, kí òórùn má bàa sá lọ. Ẹ fi ìdérí ìgò wọn ọtí náà, ìdérí méjì sínú ife kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan fi ìwé ìròyìn wé ìgò kí ó tó bù ú, kí àwọn tó kù má mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ orógbó, obì tàbí ọbẹ̀ tí ata rodo gbilẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ahọ́n tí wọ́n ti fi kíkorò tàbí ata lù kò lè dá ẹjọ́ òdodo. Búrẹ́dì lásán àti omi ló dára láàrin ife kan sí èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹnu yín ṣí díẹ̀, kí ẹ má ti imú bọ inú ife, kó má bàa ta yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ìwọ̀n tó lè rin ahọ́n, ẹ jẹ́ kó yí ẹnu ká, ẹ gbé e mì, kí ẹ sì mí jáde jẹ́ẹ́. Adùn tó bá gbẹ̀yìn máa ń yàtọ̀ sí èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ wá kán omi díẹ̀ sí i, omi inú amù náà dára bó bá ti mọ́, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Ẹ ó rí i pé òórùn mìíràn máa jáde. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Yunifásítì Linnaeus ní ilẹ̀ Sweden, Björn Karlsson àti Ran Friedman, fi kọ̀ǹpútà ṣàlàyé rẹ̀ pé omi máa ń jẹ́ kí ẹ̀yà kan tó ń gbé òórùn èéfín jókòó sókè ojú ọtí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bu omi sí wisikí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Yìnyín ló ń mú kí ahọ́n kú, kóòkì ló sì ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi dájọ́ tán. Èyí tó bá fúyẹ́ ni kó ṣáájú, kí elééfín gbẹ̀yìn, nítorí elééfín kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

A ṣe é ní àdúgbò wa ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rin, pẹ̀lú Johnnie Walker Black Label, Jameson àti Glenfiddich ọlọ́dún 12. Bàbá kan wà láàrin wa tó ní òun ti ń mu Black Label láti ayé Gowon, pé bí wọ́n bá fi aṣọ di òun lójú, òun á mọ̀ ọ́n. Ife tí bàbá fi ṣe àkọ́kọ́, tó ní ọtí òun rèé, Jameson ni. Ẹ̀rín pa wá, òun gan-an ló sì rín jù. Ó ní ṣé gbogbo owó tí òun ti ná láti ọjọ́ yìí, ọ̀fun tó rọ̀ ni òun ń wá kiri. Olùkọ́ kan tó wà níbẹ̀ mú Glenfiddich, ó ní òun ń gbọ́ òórùn èso nínú rẹ̀. Èmi mú Black Label nítorí èéfín díẹ̀ tó wà níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin, ìdérí ìgò mélòó kan, ọ̀rọ̀ wákàtí méjì, kò sì sí ẹni tó yó. Èyí ni mo fi ń sọ pé ìfiwéra ń dín mímu kù: ẹni tó ń fetí sí ohun tó ń mu kì í sáré.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Ọmọ yìí, ọtí ìdána kì í ṣe ti adùn, ti ọ̀wọ̀ ni.” Òótọ́ lẹ sọ, mo sì wólẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀wọ̀? Bí mo bá mọ̀ pé àna mi fẹ́ràn ọtí tó rọ̀, tí mo gbé Jameson kan lọ bá a, tí mo sì mọ ìdí tí mo fi gbé e, ọ̀wọ̀ yẹn ju ti ẹni tó yáwó ra ìgò olówó gọbọi tí bàbá náà máa da kóòkì sí. Ìyàwó tí a fẹ́ pẹ̀lú gbèsè ọtí, gbèsè náà ló máa kọ́kọ́ bá wọn sùn nílé.

Ibì kan wà tí ahọ́n kò lè dájọ́ o, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ahọ́n lè mọ adùn, kò lè mọ májèlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n ń kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, májèlé kan tó ń jẹ́ methanol, tó wà nínú ọtí líle tí wọ́n mu, ló ṣe iṣẹ́ náà. Kì í ṣe wisikí ni wọ́n mu, ọtí ìbílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan gbogbo ọtí líle. Methanol jọ ọtí gidi lójú, ó jọ ọ́ nímú, ó sì jọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ sọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo bóyá ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí rí, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì sá fún èyí tí owó rẹ̀ bá pọ́ọ́kú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá mu tán, ẹ fọ́ ìgò náà tàbí kí ẹ ya ìwé ara rẹ̀ dànù, nítorí ìgò òfìfo ni ohun èlò oníyèédèrú. Ẹni tó bá mu ọtí tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń rí bìrìbìrì ní ọjọ́ kejì, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, kí wọ́n má dúró wò ó.

Ọ̀rọ̀ ara náà ń kọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún ara. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó fi ẹnu kàn án. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún, ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ tàbí gun ọ̀kadà kò gbọdọ̀ mu ún. Wisikí kì í ṣe oògùn ibà, kì í sì í ṣe oògùn òtútù.

Kí n tó gbẹ́nu dúró, ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìjọba amúnisìn fi òfin de ògógóró wa, ó pè é ní ọtí tí kò bófin mu, nígbà tí ọtí tiwọn ń gba èbúté wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ Scotland náà ti fara pamọ́ sínú igbó se ọtí rí, tí àwọn agbófinró ń lé wọn kiri orí òkè. Òfin ọdún 1823 tó dín owó-orí àti owó ìwé àṣẹ kù ló mú wọn jáde sí gbangba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo ayé, ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọtí wọn àti ọdún tó gbọ́dọ̀ lò. Àwọn ará Jàpáànì wá kọ́ ọ, àwọn ará Íńdíà fi ooru ilẹ̀ wọn ṣe é. Ẹni tó bá ti fi ahọ́n ara rẹ̀ mọ ohun tí igi, sùúrù àti òfin lè ṣe fún ọtí ọkà lásán, kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo ọtí tí ará Ìlàjẹ ń fi ẹmu se mọ́. Ohun tó máa bèèrè ni pé nígbà wo ni tiwa náà máa ní òfin tirẹ̀ àti àgbá tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá gbé ìgò kan wá kí yín nígbà ọdún tó ń bọ̀, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì dà á gbì sínú kóòkì. Ẹ pe ọ̀rẹ́ méjì, kí wọ́n gbé tiwọn dání. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, títí kan èyí tí ẹ ń kà yìí bí ẹ bá ti kà á tán. Kí ahọ́n sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí owó tó sọ̀rọ̀.